Ọ̀sẹ̀ Kan Láàárín Àwọn Ajá Tó Ń Dé àti Àwọn Tó Ń Lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáàbòbò ajá rí rò pé gbogbo iṣẹ́ tí a ń ṣe níbẹ̀ kò ju pé kí a kó àwọn ajá tí kò nílé jọ, kí a fún wọn lóúnjẹ, kí a sì máa ṣàánú wọn. Àánú ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń mú irú ilé bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tí ìrírí kọ́ mi ni pé ibi tí ajá ń gbà kọjá ni ilé ìdáàbòbò jẹ́, kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ó máa gbé. Bí ajá kan bá pẹ́ jù nínú yàrá rẹ̀, ajá mìíràn wà níta tí a kò ní rí àyè gbà wọlé, èyí tó pẹ́ náà yóò sì máa yí ìwà padà díẹ̀díẹ̀ nítorí ariwo àti àhámọ́. Nígbà tí Mary Tealby dá ilé àwọn ajá tó sọnù àti àwọn tí ebi ń pa sílẹ̀ ní Holloway, ní ìlú London, ní ọdún 1860, èyí tí wọ́n gbé lọ sí Battersea ní ọdún 1871, ibùwọ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni òun náà fi ṣe. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló jẹ́ kí n rí i kedere pé ohun tí a bá ṣe fún ajá ní ọjọ́ tí ó dé ló sábà máa ń pinnu bí yóò ṣe tètè rí ilé lọ.

Ọjọ́ Ajé ni èrò máa ń pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà wa, nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń ráyè mú ajá tí wọ́n ti ń rí káàkiri àdúgbò wọn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé dé jẹ́ akọ ajá pupa kan tí ó ká ìrù mọ́ abẹ́ ikùn, tí ó sì kọ̀ láti dìde kúrò nílẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ kò wò ó lójú, kò sì na ọwọ́ sí orí rẹ̀. Ó yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ó jókòó sílẹ̀, ó ju ẹran bíńtín sí ìtòsí rẹ̀, ó sì ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn bí ẹni pé kò sí ajá kankan níbẹ̀. Ajá náà fi ahọ́n lá ètè rẹ̀, ó sì yán. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní oorun ló ń kùn ún. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹ̀rù ló ń bà á. Má ì tíì dìde.” Kí ajá máa yán láìsí oorun, kí ó máa lá ètè láìsí oúnjẹ, kí ó gbé orí sápá kan kí funfun ojú rẹ̀ sì hàn, ìwọ̀nyí ni ó fi ń sọ pé ara òun kò balẹ̀. Kíkùn ni ó máa ń tẹ̀ lé e, ẹni tó bá sì nà án nítorí pé ó kùn ń kọ́ ọ pé nígbà mìíràn kí ó bu èèyàn jẹ láìkìlọ̀ ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé, n kò sì ka àkókò yẹn sí òfò rárá.

Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀ ni a tó wá microchip lára rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ bíńtín tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá wà nínú rẹ̀. Ohun yìí kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ, abẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì ni wọ́n sì máa ń fi í sí, ṣùgbọ́n ó lè yẹ̀ lọ sí apá tàbí àyà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rọra gbé ẹ̀rọ tí ń kà á káàkiri gbogbo ara, tí a kì í dúró sí ẹ̀yìn ọrùn nìkan. Òkè apá òsì ni ti ajá pupa yìí ti dún. Nọ́ńbà tí ó ní dígíìtì 15 ló jáde, a sì fi wá orúkọ olówó rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó forúkọ ajá sílẹ̀. Àwọn kan rò pé microchip máa ń fi ibi tí ajá wà hàn bíi ti fóònù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nọ́ńbà lásán ni, kò sì wúlò ju bí olówó ajá bá ṣe ń tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ. Fóònù tí a rí níbẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Àdírẹ́sì àtijọ́ ni a tẹ̀ lé, aládùúgbò kan níbẹ̀ ló sì mọ ibi tí obìnrin tó ni ajá náà kó lọ. Nígbà tí ó dé ní Ọjọ́rú, ajá náà ti mọ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí ó tó rí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa okùn já mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lójú tèmi, òwe náà ń dá ajá lẹ́bi jù, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí a ń gbà ni ì bá gbọ́ fèrè bí ẹnikẹ́ni bá fọn ọ́n. Géètì tí ẹnì kan gbàgbé láti tì ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa.

Kò sí ajá tí ó wọlé lọ́jọ́ náà tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ó tó wọ yàrá, a kì í sì í sún un di ọjọ́ kejì. Parvo ni ìdí pàtàkì. Ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀ lára ajá, láàárín ọdún bíi méjì ó ti dé ibi púpọ̀ lágbàáyé, títí di òní ni ó sì ń pa ọmọ ajá pẹ̀lú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí ń fà á lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kódà fún ọdún kan. Ọtí tí a fi ń pa ọwọ́ kò ràn án; bílíìṣì ló ń pa á, ìwọ̀n kan sí nǹkan bí ìwọ̀n 30 omi, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, nítorí pé ìdọ̀tí máa ń sọ agbára bílíìṣì di yẹpẹrẹ, kí a tó dà á sílẹ̀ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ajá tí ó bá gbé parvo wọlé kò ní fi hàn lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Àwọn ọmọ ajá kì í gba ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo: ààbò tí wọ́n rí nínú ọmú ìyá wọn lè dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí ààbò náà yóò tán lára ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà a ń tún un fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì sí mẹ́ta títí wọn yóò fi pé nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ẹni tó bá wá gba ọmọ ajá tí ó ní òun fẹ́ gbé e lọ sáàárín àwọn ajá mìíràn lọ́jọ́ kan náà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi tán pátá kí ó tó lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé Akin dé, òun ni n kò sì lè kánjú kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́ ajá ni, funfun tí ó ní àmì dúdú, tí àwọn ayálégbé kan so sílẹ̀ nínú ọgbà ilé tí wọ́n kó kúrò. Òórùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ gbọ́. Dókítà ẹranko pa ọwọ́ rọra mọ́ ọrùn rẹ̀, ó sì dákẹ́. Okùn ọrùn tí wọ́n fi sí i nígbà tí ó wà ní kékeré ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tú u sílẹ̀ bí ó ti ń dàgbà, ẹran ara sì ti bò ó mọ́lẹ̀ débi pé irin tí wọ́n fi ń de okùn náà nìkan ló hàn síta. Wọ́n fi oògùn kùn ún lóorun kí wọ́n tó gé okùn náà, bí wọ́n sì ti ń fà á yọ ni mo rí i pé ojú ọgbẹ́ náà yí ọrùn ká tán, ó sì jìn tó ìbú ìka ọwọ́ mi. Ní ti ara rẹ̀, egungun ìhà, ti ìbàdí àti ti ẹ̀yìn ṣeé kà láti òkèèrè. Òṣùwọ̀n 1 sí 9 ni àwọn dókítà fi ń díwọ̀n ẹran ara ajá, 4 tàbí 5 ni èyí tó dára. 1 ni wọ́n kọ sí ìwé tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún wa gbé abọ́ oúnjẹ tí ó kún dẹ́nu dé, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹun yó lónìí yìí nìkan.” Dókítà dá a lóhùn pé, “Àjẹyó tí o fẹ́ fún un yẹn lè pa á.” Kì í ṣe àsọdùn. Ara tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ ti kọ́ bí yóò ṣe máa fi ọ̀rá àti ẹran ara rẹ̀ gbé ẹ̀mí ró. Bí oúnjẹ púpọ̀ bá dé lójijì, pàápàá èyí tí sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀, insulin, èròjà inú ara tí ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, yóò ga sókè, àwọn èròjà bíi phosphate àti potassium tí ó kù díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yóò sì sáré wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì lọ, ọkàn sì lè tipa bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti ń yọ̀ pé ajá ti ń jẹun. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ni Akin ń jẹ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, tọ̀sán tòru, a sì ń mú un pọ̀ sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́ bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ṣe gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló gba iṣẹ́ òru mọ́ra. Ó máa ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí abọ́ bá ti gbẹ, nítorí pé Akin máa ń lá abọ́ náà títí yóò fi tì í dé ìkangun ògiri, kò sì rọrùn láti máa gbọ́ ìró yẹn kí èèyàn má dìde.

Àyẹ̀wò aràn inú ọkàn tí a ṣe fún un kò fi nǹkan kan hàn, ṣùgbọ́n èyí kò túmọ̀ sí pé ó bọ́. Ẹ̀fọn ló ń kó aràn yìí ran ajá, ohun tí àyẹ̀wò náà sì ń wá ni èròjà tó ń jáde lára abo aràn tó ti dàgbà, èyí tó máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí ó tó hàn lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá ti jẹ ajá. A kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ gàdàgbà pé kí ẹni tó bá gbà á tún àyẹ̀wò náà ṣe.

Lọ́jọ́rú, yàtọ̀ sí obìnrin tó wá mú ajá pupa rẹ̀, abo ajá kan dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ tí ojú wọn kò ì tíì là. Ojú ọmọ ajá máa ń là láàárín ọjọ́ 10 sí 14, nítorí náà a mọ̀ pé wọn kò ì tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Wọn kò sun ọ̀dọ̀ wa mọ́jú. Ilé ẹnì kan tó máa ń bá wa gba ajá tọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni a kó wọn lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe nítorí àrùn nìkan. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọmọ ajá ń kọ́ ohun tó jẹ́ ti ayé tí kò yẹ kí ó bà á lẹ́rù: ìró ìgbálẹ̀, ohùn ọmọdé, agboòrùn tí a ṣí, àlejò tó dé fìlà. Ohun tí kò bá rí ní àkókò yẹn lè máa já a láyà títí ayé. Kò sí bí ilé ìdáàbòbò ṣe lè dára tó, kò ní ìró inú ilé. Ẹni tó bá ní òun kò lè gba ajá títí lọ ṣùgbọ́n tí ó lè fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iṣẹ́ tí ó ń ṣe tóbi ju èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin kan fa ajá ìyá rẹ̀ wá. Ìyá náà ti kó lọ síbi tí wọn kì í gba ẹranko, òun fúnra rẹ̀ sì ní ọmọ tí ìmí rẹ̀ máa ń há bí irun ajá bá wà nílé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọn yóò ní ó ju ajá nù. N kò bá wọn bínú. Ẹni tó gbé ajá rẹ̀ wá lójú ọ̀sán, tí ó sì dúró dáhùn ìbéèrè, ti ṣe dáadáa ju ẹni tó so tirẹ̀ mọ́ géètì wa lóru lọ, nítorí ohun tó mọ̀ nípa ajá náà ni ìní tó ṣe iyebíye jù lọ tí ajá lè gbé wọlé. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé méjì. Pẹ̀lẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ó ti pé ọdún 11, àrá ń bà á lẹ́rù, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ó fẹ́ràn láti máa sùn sí, etí rẹ̀ sì ti ń di, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án nígbà tí ó bá sùn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kí ó má baà ta gìrì. Ìlà ìkẹyìn yẹn nìkan lè gba ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́ eyín ajá.

Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Akọ tó tó àkókò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Abo, wọ́n ṣe tirẹ̀ kí ó má baà lóyún mọ́. Oyún ajá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò mọ ìdí tí a kì í fi jẹ́ kí ajá jáde kí a tó ṣe èyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti àwọn tó ń wá ajá gbà. Tẹ́lẹ̀ rí, ìbéèrè nípa ilé ni ó máa ń pọ̀ jù nínú ìwé wa: ṣé ó ní ọgbà, báwo ni ògiri ṣe ga tó. Ohun tí mo ń béèrè jù báyìí ni bí ọjọ́ wọn ṣe ń lọ. Ìgbà wo lẹ máa ń jí? Ta ni yóò wà nílé lọ́sàn-án? Kí ni ẹ ó ṣe bí ó bá ya bàtà yín? Gbogbo ẹni tó wá ló fẹ́ràn ajá, ìfẹ́ kò sì sọ ohunkóhun fún mi nípa ajá tí yóò bá wọn gbé ní ìrọ̀rùn.

Ajá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ mí lógún ni Adú. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Àwọn kan ní nítorí pé ó dúdú ni ẹnikẹ́ni kò ṣe mú un, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ojú mi rí ni pé bí àlejò bá ti dúró níwájú yàrá rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò mọ́ irin, yóò máa gbó kíkankíkan, àlejò yóò sì kọjá lọ. Ìbínú kọ́. Ó fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, irin sì dí i lọ́nà. Lọ́sẹ̀ náà a kò jẹ́ kí àlejò kankan rí i nínú yàrá mọ́. A tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi ní iwájú ilé, ẹnì kan mú okùn rẹ̀ dání lẹ́yìn tí ó ti rìn dáadáa láàárọ̀, ibẹ̀ ni obìnrin kan tó máa ń sáré eré ìdárayá ní ìdájí ti bá a. Adú fi ẹ̀gbẹ́ ara tì í lẹ́sẹ̀, ó sì jókòó. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan irin àti gbígbó. Ó ní òun kò ní irin nílé.

Tọkọtaya kan dá ọ̀dọ́ ajá tí wọ́n gbà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá padà, ojú sì ń tì wọ́n. Ó ń hu títí nígbà tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti họ ilẹ̀kùn yángá-yàngà. Ẹ̀gbọ́n fún wọn ní àga, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀: ó dára pẹ̀lú ọmọdé, kì í tọ̀ sínú ilé, kò lè dá wà. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé rẹ̀ kí ó tó lọ kò tó ìlàjì èyí. A kò lè rí i láàárín ajá púpọ̀ pé ajá kan kò lè dá wà. Ọkùnrin mìíràn fẹ́ ajá tí yóò máa so mọ́ òpó níwájú ilé ìtajà rẹ̀ tọ̀sán tòru. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó sì fetí sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò fún un.

Bàbá kan ní tirẹ̀ fẹ́ ọmọ ajá. Ajá rẹ̀ kú kò pẹ́, ó sì ní, “Kékeré ni mo fẹ́, kí ó lè pẹ́ lọ́dọ̀ mi.” Mo ní, “Bàbá, ọmọ ajá lè gbé ọdún 10 sí 15 láyé. Bí àìsàn bá dé bá yín, ta ni yóò máa mú un rìn?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ orí mi lò ń kà.” Ó sì dárúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni tí a pè lórí fóònù tí ó sì gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ajá kan ti fa okùn bàtà rẹ̀ tú tán, tí ó sì ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀ láìsinmi, ó béèrè bóyá a ní èyí tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. A mú un lọ sọ́dọ̀ Pẹ̀lẹ́, ó ń sùn. Mo ka ìwé ojú ewé méjì náà sí i létí. Ó duro, ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò le, Pẹ̀lẹ́ sì la ojú, ó wò ó, ó gbé ìrù díẹ̀ lulẹ̀. Wọ́n jọ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, pẹ̀lú ìwé náà.

Ní ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe àwọn tó gba ajá. Obìnrin tó mú Adú ní kò jẹun láti àná, abẹ́ tábìlì ni ó wà. Mo sọ fún un pé kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó gbé omi sí ìtòsí, kí ó má wẹ̀ ẹ́, kí ó má pe àlejò, kí ó má sì tú u sílẹ̀ láìsí okùn níta, kódà nínú ọgbà, nítorí pé ajá tí kò ì tíì mọ ilé rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò sá padà sí. A máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta retí kí ẹ̀rù dínkù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ajá tó mọ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta kí ó tó gbà pé ilé òun nìyí. Kì í ṣe òfin, ajá mìíràn yóò yá jù bẹ́ẹ̀, òmíràn yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí àwọn ènìyàn ní sùúrù ní alẹ́ kejì, ìgbà tí ọkàn wọn máa ń rẹ̀wẹ̀sì jù.

Ní ti Akin, àwọn kan ti béèrè rẹ̀ nítorí ọgbẹ́ ọrùn rẹ̀, a sì ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Bí ó bá ti lè máa jẹ oúnjẹ tó tó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni yóò lọ sí ilé alágbàtọ́ ìgbà díẹ̀ kan tí ó ní àgbà ajá tó tutù nílé. Ojú títì ni wọn yóò ti kọ́kọ́ pàdé, a ó jọ mú àwọn méjèèjì rìn ní apá kan náà láìjẹ́ kí wọ́n kojú sí ara wọn, kí wọ́n tó jọ wọ géètì. Àhámọ́ra tí a fi ń kọ́ àyà ni yóò máa wọ̀. Okùn kankan kò ní kan ọrùn rẹ̀ títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.